Iṣẹ́jú Mẹ́rin Ìyá Mi

Nígbà tí ọkùnrin inú fíìmù náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní kí n dìde. Àga kọ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì ti ká mọ́ mi níbàdí láti ìgbà tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ lára ògiri, bí gbogbo àga ìwòran ṣe máa ń ṣe ní Ìlú Ìbòji. Kò sì ní tú mi sílẹ̀ àfi tí fíìmù bá tán pátápátá, títí kan orúkọ àwọn òṣèré tí kò sí láyé yìí, tí wọ́n ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní ìparí.

"Ẹ ní sùúrù, Ẹlẹ́rìí," ni ẹ̀rọ Afàgùn wí láti inú ògiri. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì dùn, bí ohùn ẹni tó fẹ́ tajà fúnni. "Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ àforíjì."

"Ọkọ ta ni?"

"Ọkọ obìnrin tó kúnlẹ̀. Ó ti òkè òkun dé."

"Obìnrin yẹn ò lọ́kọ kankan nínú fíìmù tí ìyá mi ṣe!"

"Ó ti ní báyìí," ni ẹ̀rọ dá mi lóhùn.

Ẹ bá mi wo irú ìwọ̀sí yìí. Ìyá mi, Rẹ̀mílẹ́kún, fi fóònù ya fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́rin, láyé ìgbà tí ènìyàn ṣì lè dúró síta lọ́sàn-án gangan. Kò fi wá òkìkí. Ó kú, ó fi í sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀rọ kan wá gbé e, ó fà á títí ó fi di wákàtí mẹ́ta. Ó fi ọkọ kún un, ó fi àlè ọkọ kún un, ó tún wá fi omíyalé àti ẹjọ́ ilẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí fèrè oòrùn ti dún láàárọ̀ ni mo ti jókòó tì í. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ìyá mi nínú gbogbo rẹ̀ ni ojú obìnrin yẹn, wọ́n sì ti fi àtíkè bò ó.

Tinúadé ni orúkọ mi. Aránbòji ni mí. Bí atẹ́gùn bá fa aṣọ ńlá tó bo ìlú wa ya, èmi àti ẹgbẹ́ mi la máa ń gun òpó lọ rán an, kí oòrùn má baà wọlé wá bó àwọn ènìyàn lára. N kì í bẹ̀rù ibi gíga. Orí òpó ni mo wà nígbà tí òǹtẹ̀ ọrùn ọwọ́ mi dún tó ní kí n wá sí Ilé Àṣepé, kí n wá jẹ́rìí sí fíìmù ìyá mi. Òǹtẹ̀ yìí kì í ṣe ohun àmúṣeré. Òun ni ibodè ń wò kó tó jẹ́ kéèyàn wọ abẹ́ aṣọ. Ẹni tí wọ́n bá pa tirẹ̀ rẹ́, ìta ni yóò máa gbé, òun àti aláǹgbá.

Nígbà tó yá, fíìmù tán. Àga tú mi sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, Ọ̀gá Ṣóbándé sì wọlé.

Òun ni olórí Ilé Àṣepé, òun náà ló kọ Òfin Ìjókòó tó ń so àwọn ènìyàn mọ́ àga nígbà oòrùn. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó wọ bùbá funfun tí kò ní àbàwọ́n kankan. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ mi kò gbà kí n nàró kí àgbà. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Káàsán, ọmọ mi. Dìde, dìde. Ṣé o gbádùn ẹ̀? Ó dáa, àbí?"

"Kò dáa, sà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ìyá ẹ ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n kò parí iṣẹ́ ẹ̀. Fíìmù tí ò bá tó wákàtí mẹ́ta, àìpé ni. Ohun tá a bá a ṣe nìyẹn, a bá a parí ẹ̀ ni. Wá fi àtàǹpàkò ẹ tẹ ibí yìí, pé ohun tí ẹ̀rọ fi kún un bá ọkàn ìyá ẹ mu. Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́, a ó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kó má baà máa da àwọn èèyàn lọ́kàn rú."

"Ṣé méjèèjì ò lè jọ wà ni, sà?"

"Méjì kẹ̀? Ta ló máa wo ti wákàtí mẹ́ta tí ti iṣẹ́jú mẹ́rin bá wà ńlẹ̀?"

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ó wúkọ́.

"Ìtumọ̀ ohun tí mò ń sọ ni pé," ó tún un bẹ̀rẹ̀, "ìwọ náà mọ bó ṣe rí nígbà kan. Èèyàn á wo fíìmù kékeré kan, kò ní tíì jókòó dáadáa tó fi máa tán. Wọ́n á dìde, wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á máa jiyàn kiri nínú ooru. Àwọn èèyàn ń dákú, Tinúadé. A ṣòfin yẹn kí wọ́n lè jókòó sílé nígbà oòrùn. Àánú ló mú wa ṣe é."

"Ẹ má bínú, sà, irọ́ ni. Abẹ́ aṣọ ni wọ́n ti ń jiyàn, kò sẹ́ni tó dákú. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ló dun ìjọba. Wọ́n wo fíìmù kúkúrú kan nípa kànga tó gbẹ, nígbà tó tán, wọ́n dìde lọ béèrè ẹni tó ń ti omi pa ládùúgbò wọn. Oṣù yẹn gan-an lòfin jáde. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n mo gbọ́njú."

Ó wò mí, kò bínú. Ìyẹn ló tún dá kún ìbínú mi. Ẹni tó bá ọ jà mọ̀ pé o wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fíìmù kúkúrú ṣe jẹ́ nílé wa, torí pé ọ̀pọ̀ yín ni wọ́n bí sínú àga. Ìyá mi kì í ṣe fíìmù nìkan, ó tún máa ń kó ti àwọn ẹlòmíràn jọ. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò ta aṣọ funfun sára ògiri ilé ìfọṣọ, ará àdúgbò yóò gbé àpótí ìjókòó wá. Mo rántí ọ̀kan tí kò ní ohùn rárá, tí wọ́n ti yà kí bàbá bàbá mi tó dáyé. Ọkùnrin kan gbé àkàbà léjìká, gbogbo ìgbà tó bá yíjú ni àkàbà ń gbá ẹnì kan ṣubú, òun ò sì mọ̀. Ó parí síbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń gun àkàbà náà lọ sókè, tó ń súfèé. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Òmíràn wà láti ìgbà ìjọba òyìnbó: àwọn àgbẹ̀ ń da kòkó sílẹ̀ lápò, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn sì gbójú sókè wò wá, bí ẹni pé ó ní nǹkan tó fẹ́ bi wá. Ti iwin ńkọ́? Obìnrin kan ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ tó sùn sórí ẹní, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà, wọ́n sì fi ẹyọ kan lé. Ó pa fìtílà. Ó tán! Kò sí ẹni tó fẹ́ dá rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, àti àgbà àti ọmọdé. Ti ìfẹ́ tún wà tó jẹ́ pé bàtà nìkan là ń rí, bàtà ọkùnrin àti ti obìnrin lábẹ́ bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ ojú irin, tí wọ́n rọra ń sún mọ́ra títí ọkọ̀ fi dé. Bàtà kan ló wọkọ̀.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti tán, ará àdúgbò á kígbe pe ìyá mi. "Rẹ̀mílẹ́kún, kí ló wá ṣẹlẹ̀ níkẹyìn?"

Ìyá mi á ní, "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fọ́mọlúàbí. Tó bá dénú ẹ̀, á di odidi. Ẹ gbé e délé."

Wọ́n á gbé e délé lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan ń búra pé obìnrin yẹn pa fìtílà torí pé ó mọ èyí tí kì í ṣe ọmọ òun láàárín wọn, kò kàn fẹ́ lé e ni. Ẹlòmíràn á ní rárá o. Ìyẹn ni adùn rẹ̀. Iṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún ọ, ìyókù sì jẹ́ tìrẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Àṣepé kọjá, mo rí gbogbo wọn lára ògiri, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Wọ́n ti fi hàn wá ibi tí ọkùnrin yẹn ti ra àkàbà. Wọ́n ti fún un ní ìyàwó tó ń bá a jà nítorí àkàbà. Iwin ti lórúkọ, ó ti lọ sílé ìwé, ó ti sọ ìdí tó fi di iwin, ó sì ti tọrọ àforíjì. Àwọn oníbàtà méjèèjì ti lójú, wọ́n ti ní àna, ọkọ̀ sì ti yípadà wá gbé èkejì. Àgbẹ̀ tó gbójú sókè wò wá ti lanu sọ̀rọ̀: ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tó ti kú tipẹ́, tó fi ojú nìkan bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi pinnu pé mi ò ní tẹ ìka.

"Kí ló burú nínú èyí gan-an?" Ọ̀gá Ṣóbándé béèrè. "Tí ẹ̀rọ bá ṣàṣìṣe, sọ fún un. Ó ń gbọ́ wa." Ó nawọ́ sí iná kékeré kan lára ògiri, iná tútù aláwọ̀ ewé. "Etí ẹ̀ nìyẹn. Ṣàlàyé ohun tí ìyá ẹ ní lọ́kàn, á tún un ṣe kójú tó ṣẹ́. Kò ní sí ọkọ, kò ní sí omíyalé. Àbí kí lo tún fẹ́?"

Pàkúté náà nìyẹn, ó sì mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ ni wọn ó máa wò lórúkọ ìyá mi títí ayé. Bí mo bá sọ òtítọ́, ẹ̀rọ á gbé òtítọ́ náà, á fà á di wákàtí mẹ́ta, iṣẹ́jú mẹ́rin ìyá mi yóò sì pa rẹ́ bákan náà, tòun ti ohùn rẹ̀ tó wí lẹ́yìn fóònù pé, "Ó ti tó." Bí mo bá kọ̀ láti tẹ ìka, wọ́n á pa òǹtẹ̀ mi rẹ́, ìta ń dúró dè mí. Mo dúró, mo ń wo iná aláwọ̀ ewé yẹn, ó ń wù mí kí n fi òkúta lù ú.

Ẹ wo ohun tó wà nínú fíìmù náà. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ ìta láàárọ̀. Ó wọlé, ó dúró níwájú àwòrán bàbá arúgbó kan tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, aṣọ dúdú wà lára férémù rẹ̀. Ó tú aṣọ dúdú náà, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó tún jáde. Oòrùn ń ràn gan-an, kò sí kùrukùru kankan lójú ọ̀run, síbẹ̀ omi ń kán tó, tó, tó láti ẹnu òrùlé. A gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, a gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ mà pẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n darúgbó kẹ́ ẹ tó dé." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, nísàlẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Kí ohunkóhun tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyá mi ní "Ó ti tó" lẹ́yìn fóònù, fíìmù tán.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí ìyá rẹ bá tọ́ ọ, o ti mọ ẹni tí wọ́n gbé dé. Ẹ̀rọ ò mọ̀. Ẹ̀rọ rí ìkúnlẹ̀, ó gbọ́ "sà", ó ní ọkọ ni. Ó rí omi, ó ní òjò ni, òjò náà ló sọ di omíyalé. Ẹ̀rọ náà ò ní inú tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ máa dé.

"Ọ̀gá," mo ní, "ṣé ẹ ti wo ti ìyá mi fúnra yín?"

"Èmi? Ta ló ráyè? Ẹ̀rọ ló ń wo ti àkọ́kọ́. Ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe lèmi máa ń wò."

Mi ò mọ ìgbà tí ohùn mi lọ sókè. "Háà! Ẹ fẹ́ pa ohun tẹ́ ò wò rí! Ẹ jókòó sínú òtútù amúlétutù, ẹ ń pa iṣẹ́ òkú rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò tiẹ̀ ṣíjú wò ó! Bí ẹ bá fẹ́ pa ewúrẹ́, ẹ ò ní wojú ẹ̀ ni?"

"Tinúadé, ṣọ́ ẹnu ẹ."

"Mi ò ṣọ́ ọ. Iṣẹ́jú mẹ́rin ni, sà. Ó kéré sí iye àkókò tẹ́ ẹ ti fi ń parọ́ fún mi látàárọ̀. Ẹ wò ó. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán tẹ́ ẹ sì sọ pé ó kù, màá fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́."

Ó mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí n dákẹ́ ni. Ó jókòó sínú àga, àga sì ká apá mọ́ ọn, torí pé àga ò mọ ọ̀gá. Ó ní kí ẹ̀rọ fi ti àkọ́kọ́ hàn.

Mo ń wo ojú rẹ̀, mi ò wo ògiri. Nígbà tí obìnrin náà ń gbálẹ̀, Ọ̀gá Ṣóbándé ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó tú aṣọ dúdú, ó gbójú sókè. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán nínú oòrùn, ó tẹ̀ síwájú, àga sì há a mọ́lẹ̀. Ohùn obìnrin náà wọlé: "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ mà pẹ́ o." Mo rí i tí ọwọ́ Ọ̀gá Ṣóbándé gbéra fúnra rẹ̀ kúrò lórí itan, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé nǹkan lé e lọ́wọ́.

Ògiri ṣókùnkùn. Àga tú u sílẹ̀, kò dìde.

"Ó ti tán?"

"Ó ti tán, sà."

Lójijì ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fọwọ́ lu itan, ó sì pariwo bí ọmọ tí wọ́n pàlọ́ fún tó mọ ìdáhùn kí àwọn yòókù tó mọ̀ ọ́n: "Bàbá ẹ̀ ni! Bàbá ẹ̀ tó kú ló padà wá! Ọmọ tuntun ni wọ́n gbé bọ̀, wọ́n ti da omi sórí ilé dè é!"

Mo fò mọ́ ọn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo ẹnu àgbàlagbà, ẹni tó lè bí mi. Ó ti pẹ́ jù. Iná kékeré yẹn ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti pọ́n.

"A dúpẹ́, sà," ni Afàgùn wí. "Àtúnṣe ti wọlé. Mo ti yọ ọkọ, mo ti yọ omíyalé. Ọmọ náà yóò dàgbà. Ní wákàtí kejì, yóò ṣàlàyé fún ìyá tó kúnlẹ̀ náà ìdí tó fi kú àti ìdí tó fi padà wá. Ó ti di wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ṣé kí n pa ti àkọ́kọ́ rẹ́?"

Mo mú ọwọ́ mi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwa méjèèjì ń wo iná pupa yẹn.

"Mi ò mọ̀ pé mo sọ ọ́ síta," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ẹ sọ ọ́, sà! Ẹ sọ ọ́ torí pé inú yín dùn! Irú ìdùnnú yẹn ni ìyá mi ṣe fún yín, ẹ sì ti fi pa á!"

"Ẹlẹ́rìí, ẹ jọ̀ọ́, àtàǹpàkò," ni ẹ̀rọ wí.

"Mi ò tẹ̀ ẹ́. Pa òǹtẹ̀ mi rẹ́, lé mi síta. Mi ò tẹ̀ ẹ́!"

"Bí ẹlẹ́rìí bá kọ̀, ohùn ọ̀gá tó. Ọ̀gá, ṣé kí n pa fíìmù rẹ́, kí n sì pa òǹtẹ̀ ẹlẹ́rìí rẹ́ pẹ̀lú?"

Ọ̀gá Ṣóbándé ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Babárìnsá lorúkọ mi," ó ní. "Kò sẹ́ni tó tún ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan wà, tí mo bá ti ilé ìwé dé, á kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. 'Ẹ káàbọ̀, bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́.' Ojú máa ń tì mí. Mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí àwọn ọ̀rẹ́ mi má baà rí i. Títí ó fi kú, mi ò jókòó bi í léèrè irú èèyàn tí bàbá ẹ̀ tó ń rí lára mi jẹ́."

Bóyá ó rò pé àánú rẹ̀ á ṣe mí. Kò ṣe mí. Gbogbo ọdún tó fi ń pa iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ rẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn, kò sì yọjú.

"Ṣé ẹ rò pé kò tíì parí ni?" mo bi í. "Nígbà tí ìyá yẹn kúnlẹ̀ fún yín, tí kò ṣàlàyé, ṣé àìpé ni? Ṣé ẹ nílò ẹ̀rọ kan tó máa jókòó fún wákàtí mẹ́ta kó wá sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ràn yín?"

"Ọ̀gá," ẹ̀rọ tún pè, "mo ń dúró de ìdáhùn. Ṣé kí n pa á rẹ́?"

Ó gbójú sókè. Mo rò pé yóò sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni". Bó ṣe ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mi ò tíì wò ó tán," ó ní. "Tún fi hàn mí."

Ògiri mọ́lẹ̀. Obìnrin náà mú ìgbálẹ̀. Àga ká a mọ́. Nígbà tó tán, ẹ̀rọ tún béèrè.

"Mi ò tíì wò ó tán."

"Ẹ ti wò ó tán lẹ́ẹ̀mejì, sà."

"Èmi ni mo kọ òfin," ni bàbá náà wí, "mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí 'rárá' nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pa fíìmù tí èèyàn ṣì ń wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀."

"Mo ṣì ń wò ó. Tún fi hàn mí."

"Òǹtẹ̀ ẹlẹ́rìí ńkọ́?"

"Òun náà ṣì ń wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lo ọ̀sán náà. Mo dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, mo ká apá mọ́ àyà, ìbínú mi ò rọlẹ̀. Kò sì yẹ kó rọlẹ̀. Ohun tó yẹ kí ó lè fi gbólóhùn kan dá dúró, ó ń fi ìdí jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé tó ń jó. Ṣùgbọ́n mo rí i pé nígbà kan ó wo omi tó ń kán nìkan. Nígbà mìíràn, bàbá inú àwòrán ni kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá obìnrin náà lóhùn, ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́ ọ. "Mo ti dé," ló ń wí. "Mo ti dé, ọmọ mi. Dìde."

Fèrè ìrọ̀lẹ́ dún. Kárí ìlú, àga tú àwọn ènìyàn sílẹ̀, a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lójú títì. Bí àṣà wọn, kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Wọ́n ti jókòó láti àárọ̀, wọn ò sì rí ohun tí wọ́n máa sọ.

Nínú yàrá náà, fíìmù tún tán. Àga tú Ọ̀gá Ṣóbándé sílẹ̀, ó gbé ara sókè díẹ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

"Ṣé kí n pa á rẹ́?" ni ẹ̀rọ béèrè.

"Mi ò tíì wò ó tán," ó ní, ohùn rẹ̀ ti há. Ó yíjú sí mi. "Tinúadé, ẹsẹ̀ ti kú mọ́ mi lára. Ebi ń pa mí. Mo fẹ́ tọ̀. Tí mo bá sì dìde báyìí, á pa á rẹ́. Kí ni ká ṣe?"

"Ẹ jókòó, sà."

"Títí dìgbà wo?"

Mo ronú nípa àgbẹ̀ oníkòkó yẹn tí wọ́n ki ọpẹ́ bọ̀ lẹ́nu, àti gbogbo ará àdúgbò wa tó ń lọ sílé láìjiyàn lórí ohunkóhun. Bí mo bá gba ipò rẹ̀ nínú àga yẹn, fíìmù ìyá mi nìkan ni mo máa lè gbà là, títí ebi yóò fi pa èmi náà. Bàbá yìí ló lẹ́nu, ó lọ́wọ́, ó lórúkọ nísàlẹ̀ ìwé òfin.

"Ẹ̀yin lẹ kọ òfin pé kí gbogbo wa máa jókòó," mo ní. "Ẹ jókòó síbẹ̀ títí ẹ ó fi rí bí ẹ ṣe máa pa òfin náà rẹ́."

Ó rọra padà jókòó, ó tú bọ́tìnnì ọrùn bùbá rẹ̀, ó sì sọ fún ẹ̀rọ pé kó tún fi fíìmù náà hàn, kó sì gbé ìwé Òfin Ìjókòó wá fún òun, òun fẹ́ kà á bó ṣe ń lọ.